Nọ́ọ̀sì Mélòó Ló Tó?

"Aláìsàn mélòó lẹ ń rí lójúmọ́?" Ìbéèrè tí àwọn tó di àpò owó mú máa ń kọ́kọ́ bi wá nìyẹn, tí a bá ti wọlé lọ tọrọ òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ fún kílíníìkì ọpọlọ. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Wọn á pín iye aláìsàn sí iye òṣìṣẹ́, wọn á mi orí, wọn á ní iṣẹ́ yẹn ò kúkú pọ̀. Ìṣirò wọn pé pérépéré. Ohun tí wọ́n ń kà ni kì í ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀ka tí mò ń sọ ni ti àwọn tí kì í sùn sí ọsibítù. Wọ́n á wá, wọ́n á rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tó máa jókòó tì wọ́n bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn, wọ́n á gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́, wọ́n á sì padà sílé. Kò sí ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀, kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Etí, ojú, ẹnu àti sùúrù ènìyàn ni irinṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù fi ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín ìnáwó kù níbẹ̀, ìtọ́jú gan-an ló fẹ́ gé, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Kò kúkú sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ tó tóbi tó láti gé.

Àwọn kan máa ń gbé iye ti àgbáyé wá síwájú ìpàdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí fún ọdún 2020, wọ́n rí i pé àárín-gbùngbùn iye òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ káàkiri ayé jẹ́ 13 fún 100,000 ènìyàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò sí, iye náà kò pé 2. Ní àwọn tó lówó lọ́wọ́, ó lé ní 60. Mo fẹ́ràn iye yìí nígbà tí mo bá fẹ́ kí ojú ti ẹnìkan. Àmọ́ tí ó bá di pé kí n sọ bóyá nọ́ọ̀sì 3 tàbí 5 ni kílíníìkì kan nílò, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ó ń sọ bí ebi ṣe ń pa ìlú tó, kò sọ iye oúnjẹ tó yẹ kí a sè nínú ilé kan.

Ọ̀nà tí mo fọkàn tán jù ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Peter Shipp ló kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1998, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. WISN ni wọ́n ń pè é, ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí fífi iye iṣẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tí a nílò. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò le: má ti orí iye ènìyàn bẹ̀rẹ̀, ti orí àkókò bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mélòó ni òṣìṣẹ́ kan ní fún iṣẹ́ lọ́dún ní tòótọ́? Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ń fẹ́? Fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì, iye òṣìṣẹ́ tí o nílò á jáde.

Orí "ní tòótọ́" yẹn ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, wákàtí 8 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 52, ní wákàtí 2,080 lórí ìwé. Akọ̀wé owó á kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń lọ ìsinmi, ara ènìyàn kì í sì í ṣe irin. Ká kàn ní ọjọ́ 30 lọ sí ìsinmi ọdún, ọjọ́ 10 sí ìsinmi tí ìjọba ń kéde, ọjọ́ 5 sí àìsàn, ọjọ́ 5 sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ 210 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn wákàtí 1,680. Wákàtí 400 ti lọ kí aláìsàn kankan tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá fọkàn ya kílíníìkì kan. Aláìsàn 600 wà lórí ìwé rẹ̀, àwọn tuntun 200 sì ń wọlé lọ́dún. Ẹni tuntun ń gba ìṣẹ́jú 90 lójúkojú àti ìṣẹ́jú 30 fún kíkọ ohun tó sọ sílẹ̀, wákàtí 2 gbáko, gbogbo wọn jẹ́ wákàtí 400. Àwọn 600 ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́dún, ìṣẹ́jú 30 fún ìjókòó, 10 fún ìkọ̀wé. Ìbẹ̀wò 4,800 nìyẹn, wákàtí 3,200. Pa á pọ̀, ó di 3,600.

Akọ̀wé owó tó fi 2,080 pín in á rí 1.73, á ní òṣìṣẹ́ 2 ti pọ̀ jù. Èmi tí mo fi 1,680 pín in rí 2.14. Síbẹ̀ a ò tíì ka ìpàdé, ìjábọ̀ oṣooṣù, kíka oògùn inú kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé tí ilé-ẹjọ́ ní kí a kọ, àti àgbà òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò gbogbo wọn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù fún aláìsàn, 2.14 á sì di 2.86. Bí ọ̀gá kílíníìkì bá ń lo ìdá kan nínú márùn-ún àkókò tirẹ̀ lórí ìdarí, fi 0.2 kún un. Ó di 3.06.

Ìwé kan náà, tábìlì kan náà, ẹnìkan rí 2, ẹnìkan rí 3. Bí ó bá jẹ́ pé 2 ni wọ́n gbà síṣẹ́, 2 nínú 3.06 jẹ́ 0.65. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 35 nínú 100 iṣẹ́ náà, bóyá kì í di ṣíṣe, tàbí wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn tó ti yẹ kí wọ́n wà nílé.

Ọ̀gá ètò ìṣúná kan bi mí nígbà kan pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé gbogbo ìṣẹ́jú 30 yẹn lẹ fi ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀? Kí lẹ ń sọ ná?" Mo ní, "Sà, ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, òun ló ń wò wá bóyá a ṣeé sọ̀rọ̀ fún." Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yí iye tó wà níwájú rẹ̀ padà, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí kò sí àyè kankan nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ tí irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ sí.

Ta ló tiẹ̀ yẹ kó sọ pé ìṣẹ́jú báyìí ló tó? Láti 1991 ni Jámánì ti ní òfin tó ń ka ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò fún aláìsàn ọpọlọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì fi ìlànà tuntun rọ́pò rẹ̀ ní 2020. Àwọn tó sùn sí wọ́ọ̀dù ni òfin 1991 yẹn ń wò jù lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó wà níwájú ẹni tọ̀sán-tòru rọrùn láti kà. Ẹni tó ti wọ bàtà lọ sílé ni wàhálà.

Ní tèmi, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló yẹ kó kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ara wọn wá jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan pẹ̀lú aago, kó lè rí i bóyá wọ́n bù mọ́ ọn. Wọ́n kì í sábà bù mọ́ ọn o. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n ń dín in kù. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á sọ pé abẹ́rẹ́ ò gba ju ìṣẹ́jú 10 lọ, nítorí abẹ́rẹ́ lásán ló ń rò. Kò ka pé òun yẹ káàdì wò, òun bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, òun wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, òun sì fi ọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó bá a wá tó jókòó síta. Iṣẹ́ tó ti mọ́ ènìyàn lára kì í jọ iṣẹ́ lójú ẹni tó ń ṣe é.

Oògùn náà ní ìṣirò tirẹ̀, dókítà tó ń kọ ọ́ kì í sì í sábà rántí. Ẹ wo clozapine, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí àwọn oògùn yòókù ò ràn lọ́wọ́. Ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ débi tó léwu, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́ jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí ọdún kan á fi pé, kí ó tó wá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Àyẹ̀wò 35 lọ́dún àkọ́kọ́ fún ẹnìkan ṣoṣo. Ẹnìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹnìkan ló ń dúró de èsì, ẹnìkan ló ń pe aláìsàn tí èsì rẹ̀ ò dára. Dókítà kọ oògùn kan sórí ìwé ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti kọ iṣẹ́ ọdún kan lé ẹlòmíràn lórí.

Abẹ́rẹ́ olanzapine pamoate tún wà, èyí tó máa ń pẹ́ lára. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn náà máa ń bá ọ̀nà òdì wọnú ẹ̀jẹ̀ lójijì, aláìsàn á sì máa tòògbé tàbí kó dà bí ẹni tí ọtí pa. Nítorí èyí, ìlànà ní kó jókòó níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè máa wò ó fún ó kéré tán wákàtí 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Mo ti rí kílíníìkì tó ń lò ó tí kò ní ju àga 2 fún ìjókòó yẹn. Àga 2, wákàtí 3 fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 4 ní ọjọ́ kan, ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi kún iye yẹn, kó má wulẹ̀ wá bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ìmẹ́lẹ́. Kó lọ ra àga, kó sì wá ẹni tí yóò máa wo àwọn tó jókòó lórí rẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ tí ìṣirò ń sọnù sí jù lọ ni ti ẹni tí kò wá.

Ní ẹ̀ka ìtọ́jú mìíràn, ẹni tí kò wá jẹ́ àyè òfo, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Níbi tiwa, àìwá lè jẹ́ àmì àìsàn. Ọkùnrin tó ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé, tí a ò rí lọ́jọ́ tó yẹ, bóyá ó gbàgbé, bóyá kò rí owó ọkọ̀, bóyá ohùn tí òun nìkan ń gbọ́ ti padà dé, tó ń sọ fún un pé májèlé la fẹ́ gún un. A ò lè mọ èyí tó jẹ́ láìwá a lọ. Nọ́ọ̀sì á ṣí ìwé ńlá lọ́sàn-án, á fi rúlà tẹ abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, á fa bírò pupa sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí kò wá. Yóò tẹ fóònù. Àkọ́kọ́ ò wọlé. Ìkejì, ìyá ló gbé e: "Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ó ti jáde láti àárọ̀, ó ní òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Kò sùn ní àná." Wọn ò lè fi ìṣẹ́jú méjì parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá náà ní ìbéèrè, ìyá náà ń sunkún, ìyá náà fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ti ilẹ̀kùn tàbí kí òun má tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì á lọ bá dókítà, wọ́n á jọ pinnu bóyá kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn lọ sílé wọn lọ́la. Tí oṣù bá parí, ohun tó máa wà nínú ìjábọ̀ ni pé ìbẹ̀wò kan kò wáyé. Odo.

Mo ti rí ọ̀gá tó ní òun ti rí ojútùú: kí wọ́n fi orúkọ ènìyàn méjì sí àkókò kan náà, torí ọ̀kan nínú wọn kò ní wá. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí gbogbo wọn bá wá. Àwọn tó ń fi ara balẹ̀ dúró níta fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fẹ́ràn èrò àti ariwo látilẹ̀wá, ni àwọn tí kò ní wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkún yìí ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ní "òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ jókòó lásán" mọ̀ ọ́n. Nínú àpẹẹrẹ tó rọrùn jù lọ tí àwọn onímọ̀ ìlà ìdúró ń lò, tí àwọn ènìyàn kì í dé ní àkókò kan náà tí ìṣòro wọn kì í sì í gba ìṣẹ́jú kan náà, àkókò ìdúró nígbà tí ìdá 95 nínú 100 àkókò òṣìṣẹ́ bá ti kún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po 5 ti ìgbà tó bá jẹ́ 80. Iṣẹ́ kàn kúrò ní 80 dé 95, ìdúró sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Kílíníìkì tí kò fi àyè sílẹ̀ rárá kò ní ibi tí yóò gba ẹni tó sáré wọlé láìní àdéhùn sí, tó ń sọ pé òun fẹ́ kú. Ẹni yẹn á sì wá dandan, ojoojúmọ́ kọ́, ṣùgbọ́n á wá.

Ká wá sọ ti owó. Láti 2004 tí Robert Kaplan àti Steven Anderson ti kọ̀wé nípa ìlànà fífi àkókò ka ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ọsibítù ti ń gbìyànjú rẹ̀, mo sì gbà pé ó bá iṣẹ́ tiwa mu. Mú gbogbo owó tó ń lọ sórí nọ́ọ̀sì kan lọ́dún: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, ìdá tirẹ̀ nínú owó yàrá, iná àti kọ̀ǹpútà. Fi iye ìṣẹ́jú tó ní fún aláìsàn ní tòótọ́ pín in. Ká fọkàn ya á pé owó yẹn jẹ́ 100,800, ní owó orílẹ̀-èdè yòówù. Wákàtí 1,680 jẹ́ ìṣẹ́jú 100,800, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ìṣẹ́jú kan jẹ́ owó 1. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ sí ìpàdé àti ìwé. Ìṣẹ́jú 75,600 ló kù, ìṣẹ́jú kan sì di 1.33. Ìjókòó ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n kọ owó 30 sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó 40 ló ń náni. Sọ ìyàtọ̀ yẹn di ìlọ́po 4,800, kí o tó bi ara rẹ ìdí tí owó fi ń tán ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun tí ìṣirò yìí tún ń fi hàn ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà ọpọlọ tó ń wá fáìlì nínú àpótí, ìṣẹ́jú rẹ̀ ló gbówó lórí jù nínú ilé náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pípín iṣẹ́ fún àwọn mìíràn ti wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò mhGAP kalẹ̀ ní 2008 kí dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti ọpọlọ lè máa tọ́jú àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tí wọ́n bá jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gba tẹ́lẹ̀. Mo gba tiwọn. Ohun tí ń bí mi nínú ni àwọn tó ń gbé àpẹẹrẹ yìí wá sí ìpàdé láti fi lé dókítà lọ, tí wọn ò ka owó ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ wọn, tí yóò sì gba ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Bí iná àbójútó yẹn bá kú, gbogbo rẹ̀ kú.

Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn tí àìsàn wọn le. Ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, Leonard Stein àti Mary Ann Test dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ikọ̀ òṣìṣẹ́ ń bá aláìsàn lọ sí ibi tó ń gbé, bíi aláìsàn 10 fún òṣìṣẹ́ 1. Tí o bá fi iye yìí han ọ̀gá ìṣúná tó ti mọ́ lára láti rí 300 fún 1, á rò pé o ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ àwọn tí wọ́n yàn án fún ni àwọn tó ń wọ ọsibítù tí wọ́n ń jáde ní gbogbo ìgbà, ibùsùn ọsibítù sì gbówó lórí. Nínú ìwádìí 2020 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn wà láàárín, ó lé ní ìdá 70 nínú 100 owó ìlera ọpọlọ tó ń lọ sí ọsibítù ọpọlọ. Ní àwọn tó lówó, ìdá 35 ni. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sọnù. Ó ń lọ síbi tí àìsàn ti dé ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i.

Àbùkù kan wà lára ìlànà tí mò ń yìn láti òkè o. Iṣẹ́ tó wáyé ló ń kà. Ẹni tí kò mọ̀ pé kílíníìkì wà, ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá nílé, ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan tó rí èrò tó padà, kò sí èyíkéyìí wọn nínú 3,600 yẹn. Kílíníìkì tí ìtọ́jú rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sá, ìṣirò á sọ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nítorí èyí, mo máa ń kọ ìlà kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́: iye àwọn tó yẹ kí a retí láàárín iye ènìyàn tó ń gbé ní agbègbè náà. Ìlà kejì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò.

Tí wọ́n bá wá ní àwọn ò lè fún mi ní gbogbo ẹni tí mo tọrọ, pé ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn ní owó rẹ̀, mi ò ní béèrè dókítà, mi ò sì ní béèrè nọ́ọ̀sì. Akọ̀wé ni mo máa gbà: ẹni tí yóò mójú tó fáìlì, tí yóò máa fi fóònù rán aláìsàn létí kí ọjọ́ wọn tó pé, tí yóò máa wá àwọn tí kò wá, tí kò sì ní tú àṣírí wọn síta. Nínú ìbẹ̀wò 4,800 yẹn, ìkọ̀wé nìkan jẹ wákàtí 800. Bí akọ̀wé bá gba ìlàjì rẹ̀, wákàtí 400 ti padà sọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin òṣìṣẹ́ kan, ní iye tó kéré sí owó oṣù nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ máa bu ọwọ́ lùwé ẹ̀ kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú pé ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ máa ga ju tọdún yìí lọ, nítorí pé àwọn tí akọ̀wé bá wá rí máa padà wá.